Ohùn Inú Pàǹtí

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ẹ kò bá gbà á gbọ́, n kò ní í bá yín jà. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ẹ̀rí dà?" Iṣẹ́ wa nìyẹn, ká máa bi ayé pé ẹ̀rí dà. Àwa mẹ́rin la gbọ́ ọ, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la sì ti kàwé títí ojú fi ń dùn wá. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ràn. Kò sí ẹni tó tòògbé nínú wa.

Ilé ìwádìí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn ilẹ̀kùn wa sì kọjú síra. Yàrá àkọ́kọ́ ni ti Baba Ìràwọ̀, àgbà wa. Ó ní irin gàgàrà kan lórí òkè lẹ́yìn ìlú, òun ló fi ń gbọ́ ohun tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ wá. Ó mọ ojú sánmà dunjú, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ń kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹni tó kọjú sí i ni Ìyá Erùpẹ̀, ẹgbẹ́ mi. Òun ní tirẹ̀ a máa ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ nínú oko, kó lè gbọ́ bí omi ṣe ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Bàtà rẹ̀ kì í mọ́ láéláé, ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kì í sì í dáhùn bó bá kí i. Òpìtàn ló kéré jù nínú wa, ẹnu rẹ̀ ló sì tóbi jù. Ilé àwọn arúgbó ló máa ń lọ, á gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè sọ bí ayé ṣe rí kí wọ́n tó bí wa.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Olórin. Orin tí a fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni mo ń ṣèwádìí lé lórí. Bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni mo fi ayé mi ṣe, màá ní mo ń tẹ́tí sí bí àwọn ìyá ṣe ń tan ọmọ sùn. Nítorí náà, ọ̀kan ń wo òkè, ọ̀kan ń wo ilẹ̀, ọ̀kan ń wo ẹ̀yìn, èmi ń wo orí ibùsùn ọmọdé. Iṣẹ́ ẹnì kan kò yé ẹnì kejì. A kàn jọ ń mu tíì ni.

Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo lóyún nígbà náà. Ó wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí.

"Màámi, orin yẹn."

"Orin wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ máa ń kọ fún mi, tẹ́ ẹ kì í parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìparí ẹ̀ kí ọmọ yìí tó dé. Mo fẹ́ kó gbọ́ ọ tán."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ṣé o kì í sùn nígbà náà ni?"

"Mo máa ń sùn. Àmọ́ mo ṣì ń dúró de ìyókù."

Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́kàn, torí kì í ṣe èmi ni mo gé orin náà. Bí ìyá mi ṣe kọ ọ́ fún mi nìyẹn. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ẹnu pípadé ni wọ́n fi ń kùn ún. Ó máa ń gòkè díẹ̀, á sinmi, á yà bí ẹni tó ń yípo igun ilé, á sì dúró kó tó débì kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo kọ̀ láti sùn lọ́jọ́ kan. Ìyá mi dé ibẹ̀, ó dúró. Mo ní, "Ìyókù ńkọ́?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Òórùn ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wà ní títì.

"Ìyẹn kì í ṣe tiwa," ó wí, jẹ́jẹ́.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi kú. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an ni. Èmi tí mo ń kó orin olórin jọ kiri, orin ilé ara mi já mọ́ mi lọ́wọ́. N kò rí i lẹ́nu ìyá kankan, bí mo ṣe wá a tó. Síbẹ̀, mo ṣèlérí fún ọmọ mi pé ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ tán. Ìlérí kì í wúwo lẹ́nu, àfi tó bá di ọjọ́ tí a fẹ́ mú un ṣẹ.

Àsìkò náà ni Baba Ìràwọ̀ dá Ọjọ́ Pàǹtí sílẹ̀. Ó ní ohun tí a rí là ń fi han ara wa ní gbogbo ìgbà, kí a wá ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ fún ohun tí a dà nù. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kò sí onímọ̀ tí kì í da nǹkan nù. Bí mo bá gba orin sílẹ̀, màá yọ ìró ọkọ̀ kúrò, màá yọ ikọ́, màá yọ gbígbó ajá. Orin nìkan ni màá fi sílẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í sì í gbé ìyẹn wá sórí tábìlì. Ta ló fẹ́ fi ìdọ̀tí ilé rẹ̀ han àlejò?

A jókòó yí tábìlì ká. Kẹ́tù ń hó. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, àmọ́ atẹ́gùn kò fẹ́.

"Baba, ẹ bẹ̀rẹ̀," Òpìtàn wí. "Ààtàn tiyín ló tóbi jù."

A rẹ́rìn-ín. Baba Ìràwọ̀ fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ súnmọ́ra. "Nǹkan kan ń kùn nínú ẹ̀rọ mi. Ó ti pẹ́. Mo máa ń yọ ọ́ kúrò kí n tó ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà ló ti gbó, bíi tèmi."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìró náà jáde. Ó kéré, ó rẹlẹ̀, bí ẹni tó pa ẹnu dé tó ń kọrin.

Ìyá Erùpẹ̀ gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Níbo lẹ ti rí nǹkan mi?"

"Nǹkan rẹ báwo?"

"Tèmi nìyẹn. Inú ilẹ̀ ló ti máa ń wá. Mo rò pé wáyà mi ló bàjẹ́."

Ó gbé tirẹ̀ sí i. Ọ̀kan náà ni. Òpìtàn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó wá nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn arúgbó kan tó ti kú ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí arúgbó náà dákẹ́ láti ronú, a gbọ́ ìró náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń kùn.

Orí mi kò tíì mọ̀ ọ́n, ẹnu mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Kí n tó rò ó, mo ti ń bá a kùn. Ó gòkè, mo bá a gòkè. Ó sinmi, mo sinmi. Ó yà, mo yà. A jọ dúró níbì kan náà, níbi tí ìyá mi máa ń dúró sí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò mí. Kẹ́tù ti dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la ti gbọ́ èyí tó kù. Èémí ni. Lẹ́yìn tí orin náà dúró, ẹnì kan fa èémí sínú, bí ẹni tó fẹ́ máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan mọ́.

"Ó ń dúró de ẹnì kan," Òpìtàn wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Mo sọ ìtàn orin náà fún wọn, àti ti ìyá mi, àti ìlérí tí mo ṣe. Kò sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù bà wá, bí ẹ̀rù bá sì ba onímọ̀, iṣẹ́ ló máa ń sá sí. A pa iná gbogbo ilé. Ìyá Erùpẹ̀ pààrọ̀ wáyà. Baba Ìràwọ̀ gun òkè rẹ̀ lọ. Òpìtàn yá ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Ìró náà kò kúrò. Mo wá inú gbogbo orin tí mo ti gbà sílẹ̀ láyé mi, àti inú ohun tí mo dà nù pẹ̀lú. Kò sí níbẹ̀. Tèmi nìkan ló mọ́ tónítóní. N kò mọ ìdí rẹ̀, inú sì bí mi díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọn kò pè é sí i.

Síbẹ̀, kí n má purọ́, àsìkò náà dùn. Baba Ìràwọ̀ a máa wá sí yàrá mi láti béèrè bí ọmọ ṣe ń sùn. Èmi náà kúnlẹ̀ nínú oko pẹ̀lú Ìyá Erùpẹ̀, mo gbọ́ omi tó ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo sì kígbe bí ọmọdé. Ó pẹ́ tí a ti ń gbé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà bí àjèjì. Pàǹtí ló sọ wá di ará ilé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Erùpẹ̀ ri ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ àgbàlá wa. "Kọ ọ́ fún un," ó wí. "Ká wò ó."

Mo kúnlẹ̀. Mo kọ ọ́. Mo dé ibẹ̀, mo dúró. A tẹ́tí. Àwọn ẹyẹ orí igi dákẹ́. Láti abẹ́ ilẹ̀, a gbọ́ èémí náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gùn. Ó ń retí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," mo sọ fún ilẹ̀. "Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Omi bọ́ lójú mi. Ìyá Erùpẹ̀ yọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbá mi mú, ó sì fi erùpẹ̀ kun gbogbo aṣọ mi.

Ọmọ náà dé, obìnrin ni. Ó kígbe, ó kígbe, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn. Àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi wá kí wa lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Baba Ìràwọ̀ kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ mi jókòó sórí àga, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Màámi, ẹ bá mi gbà á."

Mo gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, torí kò sí ohun mìíràn tí mo ní. Mo gòkè, mo sinmi, mo yà. Mo dé ibẹ̀, mo sì dúró. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé ibi tí ìyá mi bá a dé ni èmi náà bá a dé.

Ọmọ náà ti dákẹ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó fa èémí sínú.

Èémí náà ni. Baba Ìràwọ̀ di èjìká mi mú. Ọmọ náà pa ẹnu dé, ó sì kùn ún. Kò yára. Ó yípo igun ilé tán, ó dé. Kò gùn rárá. Lẹ́yìn náà, ó di ojú, ó sùn.

Ọkọ̀ kan kọjá níta. Òpìtàn la ẹnu. "Ṣé kì í ṣe ìyá yín ló..."

"Má sọ ọ́," Baba Ìràwọ̀ wí.

Ọmọ mi ti sùn lórí àga, ó ń mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tó jí, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti parí ẹ̀," ó wí.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mi ò dúró de ìyókù mọ́."

Láti ọjọ́ yẹn, ìró náà kò sí mọ́. Kò sí nínú ilẹ̀, kò sí nínú sánmà. Ó ti kúrò nínú àwọn tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàápàá. Bí arúgbó tó ti kú yẹn bá dákẹ́ láti ronú, ìdákẹ́jẹ́ lásán ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Baba Ìràwọ̀ ní ojú ọ̀run ti dákẹ́ jù. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwa mẹ́rin tó rántí ìparí orin náà. Òpìtàn ní ó gòkè níkẹyìn ni, Ìyá Erùpẹ̀ ní irọ́ ni. Onímọ̀ mẹ́rin, ọmọ ọwọ́ kan, kò sí ẹ̀rí.

Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ mi ń sùn, ọmọ rẹ̀ ń sanra, ìlérí mi ti ṣẹ, bí kò tilẹ̀ ṣe èmi ni mo mú un ṣẹ. Àmọ́ ojú onímọ̀ kì í kúrò lára ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ti ń dá jókòó báyìí. Lọ́sàn-án àná, mo fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, mo kùn ún. Mo dé ibẹ̀, mo dúró. Mo ń retí.

Ó wò mí. Kò fa èémí. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kékeré bò mí lẹ́nu. Òórùn ọṣẹ wà lọ́wọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú kọjá èjìká mi, ó wo ilẹ̀kùn.

Mo ti tì í fúnra mi. Mo na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo pa ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́, ẹnì kan fa èémí sínú. Mo gbé ọmọ-ọmọ mi mọ́ra. Ọkàn mi balẹ̀. N kò bojú wẹ̀yìn.