Ìgbì Tí Kì Í Wó Ilé

Ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé lérí, omi ti mù ún dé ìbàdí, ó sì ń bú òkun. Báyìí ni Lawrence ṣe kọ́kọ́ rí Ọmọ́yẹlé ní Ayétòrò, lọ́jọ́ tí òkun wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Olè! Ọ̀dájú! O ò rí tèmi mú!"

Lawrence, apẹja ará Ugbonla, wa ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Àǹtí, òkun kì í gbọ́ èébú o."

"Á gbọ́ tèmi. Gba ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ mi jàre, ṣé fíìmù lò ń wò ni?"

Ó gbà á. Ó gbé Ọmọ́yẹlé àti ìyá rẹ̀ dé Ugbonla, wọ́n sì gba yàrá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ṣòkòtò Lawrence ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Irọ́ ni o, ọ̀bẹ ló fi ń ya wọ́n!

"Ìkarùn-ún tó o gbé wá kí n bá ẹ rán rèé lóṣù kan," Ọmọ́yẹlé wí. "Ṣé ẹja ló ń gé ẹ jẹ ni, àbí èmi lo wá wò?"

"Ìwọ ni mo wá wò, olólùfẹ́ mi."

"O ò bá tètè sọ ọ́ kí aṣọ tó tán lára ẹ."

Ìfẹ́ gbóná. Wọ́n ti ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nígbà tí ọwọ́ Ọmọ́yẹlé kan kókó kan nínú ọmú rẹ̀ bó ti ń wẹ̀. Òun àti Lawrence jọ lọ sí ilé ìwòsàn kan l'Ékòó. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré, kò sì tíì ràn.

"A ń dán ìtọ́jú tuntun kan wò," Dókítà Olówòkéré wí. "A ò ní fi abẹ kàn yín. Ẹ̀rọ yóò máa ya àwòrán inú ọmú ká lè rí kókó náà, a ó wá darí ìgbì ìró sí ojú kan ṣoṣo, yóò gbóná, yóò sì jó o pa. Mi ò ṣèlérí o. Bó bá ṣẹ́ kù, abẹ ló kàn. Ẹ má sì pẹ́, bó bá tóbi sí i, ìtọ́jú yìí ò ní gbà á mọ́."

Wọ́n délé, wọ́n ròyìn fún ìyá Ọmọ́yẹlé. Wàhálà dé.

"Ìgbì kẹ̀? Ìgbì tó wó ilé bàbá ẹ, tó kó ṣọ́ọ̀bù ẹ lọ, òun lẹ fẹ́ rọ́ sínú ọmú ọmọ mi? Ṣé orí yín pé?" Màmá gba ìwé tí dókítà ní kí wọ́n mú padà wá fún ìtọ́jú, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ta ló máa dá a lẹ́bi? Ní Ayétòrò, ìgbì ò ní ìtumọ̀ mìíràn. Ọmọ́yẹlé bẹ̀ ẹ́, ó bá a jà, ó sunkún, Màmá ò yọ ìwé náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ báyẹn, kókó ò sì dúró de ẹnì kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lawrence bẹ Màmá wọnú ọkọ̀, ó tan ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wá ẹja.

"Màmá, ẹ wo ẹja ìsàlẹ̀ omi lójú ẹ̀rọ. Ìró ni ẹ̀rọ yìí ń rán sínú omi, òun ló ń padà wá sọ ibi tí ẹja wà. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Rárá."

"Ṣé ọkọ̀ mì?"

"Kò mì."

"Irú ìgbì tí dókítà ń wí nìyẹn. Tiwọn le ju èyí lọ, ó ń jó nǹkan, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá darí ẹ̀ sí nìkan ni."

Màmá wo ẹja náà títí. "Kí ló wá dé tí wọ́n ń pè é ní ìgbì? Àwọn dókítà yìí ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ rárá!" Inú bí i gan-an. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀ ló lọ yọ ìwé.

L'Ékòó, Ọmọ́yẹlé dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn ẹ̀rọ. Ó gbóná, ó ta á, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó wá gbọ́ èsì ní Mọ́ńdè.

"Ìfẹ́ mi," Lawrence wí, "bí èsì bá ti jáde, ká ṣègbéyàwó."

"Rárá o! Bó bá dáa, wọ́n á ní torí pé mo yè lo ṣe fẹ́ mi. Bí kò bá dáa, wọ́n á ní àánú mi ló ṣe ẹ́. Fẹ́ mi kí n tó mọ̀! Bí wọ́n bá ní àwọn máa gé e, kí wọ́n gé e. Èmi lo fẹ́, àbí ọmú?"

Omi lé ròrò sójú Lawrence. "Ìwọ ni. Ṣùgbọ́n ọmú náà ò burú."

Ọmọ́yẹlé fi téèpù ìwọnṣọ nà án. Lọ́jọ́ Sátidé, lójú ẹbí méjèèjì, Màmá fa ọmọ rẹ̀ lé ọkọ lọ́wọ́.

Ní Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ka orúkọ inú ìwé: "Mísì Ọmọ́yẹlé!"

Ọmọ́yẹlé dìde, ó di ọwọ́ Lawrence mú gírígírí.

"Mísíìsì ni," ó wí, wọ́n sì jọ wọlé.