Ta Ló Pe Bọ́sẹ̀ ní Eyínfúnjowó?

Ẹ̀rín ni Bọ́sẹ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́tà náà rín.

"Ìyàwó wa, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà."

Monínúọlá fi etí ìró nu ojú, ó tún un kà: "'Má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá Eyínfúnjowó, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró.'"

"Bọ̀dá mi ló pè mí ní Eyínfúnjowó? Háà! Àbí Bọ̀dá mi náà ti di aya ulé wa ni?"

Bọ́sẹ̀ tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú Monínúọlá, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe rí. Obìnrin tí wọ́n bá gbé wọlé kò gbọdọ̀ pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ló máa fún un. Bọ́sẹ̀, àbúrò ọkọ Monínúọlá, eyín rẹ̀ funfun báláú, ìdí nìyẹn tí ìyàwó àkọ́kọ́ tó wọ ilé wọn ní Òkè-Ìlá fi sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Nígbà tí Monínúọlá dé, orúkọ yẹn ló bá nílẹ̀, òun náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi fò ó nígbà tó kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n Bámidélé tí wọ́n bí sínú ilé náà ńkọ́? Bọ́sẹ̀ ló ń pe àbúrò rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sì sí ogun tó lè yí ìyẹn padà.

Ẹsẹ̀ Monínúọlá kúrò lórí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 1999 ni. Ọkọ rẹ̀, Sájẹ́ńtì Bámidélé, wà lójú ogun ní Fírítáùn pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ ECOMOG. Oṣooṣù ló máa ń kọ̀wé sí i tẹ́lẹ̀. Lójijì, oṣù méje gbáko, kò sí lẹ́tà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó ya wọ Fírítáùn, ó ń ka iye òkú, Monínúọlá kò sì rí oúnjẹ jẹ. Àfi bí ọkùnrin kan tó wọ bàtà sójà ṣe tiro wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ó ní Kọ́púrà Ọláyíwọlá lòun ń jẹ́, inú kòtò kan náà lòun àti Bámidélé jọ ń sùn. Ó fa lẹ́tà yọ.

Ọwọ́ ìkọ̀wé náà kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti ṣàlàyé: ìbọn ba Bámidélé lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bá a kọ ọ́. Bí wọn kò bá tètè gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lókè òkun, wọ́n á gé ọwọ́ náà. Kí ó kó ìwé ilẹ̀ wọn tó wà lọ́nà Ìyìn fún Kọ́púrà, kó bá wọn tà á kíá.

Ilẹ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ní láyé. Owó tí Bámidélé rí lójú ogun Làìbéríà ló fi rà á, Monínúọlá fúnra rẹ̀ ló sì ń pọn omi fún àwọn bíríkìlà nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

"Ìwé ilẹ̀ náà dà?" ni Bọ́sẹ̀ bi í.

"Mo ti gbé e fún un lánàá."

"Ta ló mọ̀ sí i?"

"Màmá Pẹ̀lúmi nìkan. Àwa méjèèjì la jọ..." Ó tún yí ojú padà sí lẹ́tà náà.

Màmá Pẹ̀lúmi ni Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó Olúgbénga, ẹ̀gbọ́n Bámidélé tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánò. Òun ni ìyàwó àkọ́kọ́ tí mo ń wí yẹn. Òun ló da omi sí Monínúọlá lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó wọlé. Òun ló pọn Dásọ́lá, ọmọ Monínúọlá, títí ọmọ fi mọ ìrìn. Lánàá, ó bá a sunkún, ó ní, "Ìyàwó mi, ọkọ ju ilẹ̀ lọ. Gbé ìwé náà fún un." Òun náà sì ni akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ tí gbogbo lẹ́tà ilé wọn ń gba inú àpótí ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ìyàwó méjì péré ló wà nínú ilé náà. Monínúọlá mọ̀ pé òun kọ́ ló kọ lẹ́tà yìí.

"Ó pa mí!" ló wí. "Bọ́sẹ̀, ó pa mí!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Kò sẹ́ni tó rí ti ìyẹn rò.

Ní tésàn, Inspẹ́kítọ̀ Àríyọ̀ kò ní kí wọ́n ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìyàwó ilé bàbá tirẹ̀ ṣì ń pè é ní Òpéléńgẹ́ títí di òní, tòun ti ikùn tó yọ síwájú yẹn.

"Mo gbà yín gbọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n lọ́ọ́yà á ní ẹni tó ń bá a kọ ọ́ ló ṣì í kọ. Kí ló kù lọ́wọ́ yín nínú ìwé ilẹ̀ náà?"

"Pílánù rẹ̀ nìkan, sà."

"Ó tó. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ á bèèrè rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyálé yín pé ẹ ti rí i, àmọ́ ẹ ò mọ ibi tí Kọ́púrà wà. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ sọ fún. Bí ọkùnrin yẹn bá wá gbà á, a jẹ́ pé òun ló rán an."

Iṣẹ́ burúkú gbáà ni. Rẹ̀mílẹ́kún ń gún iyán nígbà tí Monínúọlá délé. Ó fi ẹran tó tóbi jù sínú ọbẹ̀ Monínúọlá, bó ṣe máa ń ṣe.

"Màmá Pẹ̀lúmi, mo rí pílánù ilẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí o. Mi ò mọ ibi tí Kọ́púrà wọ̀ sí."

"Olúwa ṣeun! Máa gbé e lọ sí Fájuyì, dúró níwájú páàkì láago méjì. Á wá bá ẹ níbẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe máa rí i?"

Rẹ̀mílẹ́kún ṣẹ́jú. "N óò wá a kiri. Jẹun, ìyàwó mi. O ti rù jù."

Monínúọlá jẹ ẹ́. Ó ṣe é bíi kó da ọbẹ̀ náà sí obìnrin yìí lójú, Ọlọ́run ló kó o yọ.

Aago méjì kò tíì lù tán tí Ọláyíwọlá fi tiro dé. Ó na ọwọ́ sí pílánù. Ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sára ọkùnrin kan tó ń ra ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: bùbá àti ṣòkòtò ló wọ̀, ṣùgbọ́n bàtà dúdú tó ń dán gbinrin bẹ́ẹ̀, ti ọlọ́pàá ni. Ó fa ọwọ́ padà, ó bẹ́ sáré. Ẹsẹ̀ tó ń tiro! Ẹ wá wo eré! Ó fo orí ìsọ̀ ọlọ́sàn, ó bẹ́ gẹ̀ẹ́ sẹ́yìn ọ̀kadà kan, wọ́n ṣẹ́rí sí ọ̀nà Àjílósùn.

"Ẹ gbá tọ̀ ọ́!" ni Inspẹ́kítọ̀ pariwo. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kọ̀, kò ṣíná. Bọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé wọn wá kò dúró dè wọ́n, òun náà ti wà lórí ọ̀kadà. Ní gáréèjì Àjílósùn, wọ́n bá ọ̀kadà tó gbé e, kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ kan ti kún, ó fẹ́ gbéra. Inspẹ́kítọ̀ Àríyọ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó yọjú wo inú rẹ̀. Kò rí ẹni tó jọ sójà. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ.

"Ẹ dúró ná!" Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ìjókòó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Sálúbàtà, sálúbàtà, kánfáàsì, bàtà sójà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ti fi gèlè èèyàn bo èjìká, ó ṣí Bíbélì sórí itan, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ń kà á.

"Bọ̀dá, ẹ bọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà yín kò tíì dé Àkúrẹ́."

Ìwé ilẹ̀ náà wà ní àyà rẹ̀, ó gbóná, òógùn ti mú un rin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló fẹ́ tà á.

"Orúkọ?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Ọláyíwọlá, sà."

"Nọ́ńbà iṣẹ́ sójà rẹ?"

Ó wolẹ̀, ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mo ní nọ́ńbà rẹ!"

"Mi ò kì í ṣe sójà, sà. Bàtà òkìrìkà ni mò ń tà ní Àkúrẹ́."

"Ta ló kọ lẹ́tà?"

"Màmá Pẹ̀lúmi ni. Ó ní ká jọ pín in."

Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé Òkè-Ìlá. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti bá Rẹ̀mílẹ́kún, níwájú iná tó fi se ọbẹ̀ ọ̀sán, ó ń ti ìdì ìwé kan bọ̀ ọ́. Monínúọlá ki ọwọ́ bọ iná, ó fà á yọ. Lẹ́tà ni. Méje jẹ́ ti Bámidélé, wọ́n ti já gbogbo wọn. Èyí tí Monínúọlá náà kọ, tó ní kí ìyálé òun bá òun fi ráńṣẹ́, wà níbẹ̀ tòun ti sítáǹbù tó lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Màmá Pẹ̀lúmi, kí ni mo fi ṣe yín?"

Rẹ̀mílẹ́kún kò wojú rẹ̀. "O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ọdún mẹ́rin ni Olúgbénga ti wà ní Kánò, kò kọ ìlà kan sí mi. Ìwọ, lójú ogun, lóṣooṣù! Mo kàn fẹ́ ka ọ̀kan ni. Mo kà á tán, mi ò lè gbé e fún ọ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di méjì, ló di mẹ́ta."

"Ilẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà, ẹ kàn fẹ́ kà á ni?"

"Bí ẹ bá kọ́lé tán, wàá kó lọ. Èmi á wá wà níbí pẹ̀lú ta ni?"

"Ẹ̀yin lẹ wẹ ẹsẹ̀ mi!" Monínúọlá pariwo. "Mo jẹ iyán yín lónìí!" Ó bú sẹ́kún. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Rẹ̀mílẹ́kún lọ́wọ́, kò sì bá wọn jà.

Ní tésàn, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ ohun gbogbo sílẹ̀, Inspẹ́kítọ̀ kó àwọn lẹ́tà náà ka iwájú Monínúọlá kó kà wọ́n. Oṣù tó kọjá ni èyí tó kẹ́yìn wọlé, etí rẹ̀ ti jóná. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ ni.

"Ìyá Dásọ́lá, lẹ́tà keje rèé, o ò fèsì ẹyọ kan. Mo yè. Ọwọ́ mi pé, ẹsẹ̀ mi pé. Bó o bá ti fẹ́ ẹlòmíràn, sọ fún mi kí n yéé fojú sọ́nà. Bá mi kí Bọ́sẹ̀. Bá mi kí Màmá Pẹ̀lúmi, mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń tọ́jú rẹ."

Ọwọ́ rẹ̀ pé! Monínúọlá gbá lẹ́tà mọ́ àyà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún. Ó yá báírò Inspẹ́kítọ̀, ó gbé bébà lé orí káńtà níbẹ̀. Bọ́sẹ̀ ní òun fúnra òun lòun máa gbé e lọ sí bárékè sójà ní Àkúrẹ́ ní àárọ̀ ọ̀la.

Ó kọ ọ́ pé: "Ọkọ mi, òní ni lẹ́tà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ mi. Mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ wa ṣì wà, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ibi tí ẹ fi mí sí náà ni mo wà."

Ó dé ibi ìkíni. Ó kọ "Dásọ́lá ń kí yín." Ó kọ "Màmá Pẹ̀lúmi", ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó sì wọ́ ìlà dúdú kọjá lórí orúkọ náà títí kò fi ṣeé kà mọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ó wá kọ ohun tí Bámidélé máa fi mọ̀ pé ìyàwó òun gan-an ló kọ̀wé sóun:

"Eyínfúnjowó ń kí yín."