Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì Ilé Ìwòsàn

Fìlà ìpolongo ìbò ni aránṣọ ń rán láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti kún apẹ̀rẹ̀, ìnagijẹ àbúrò rẹ̀, Tiwa-ni, sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ìta fèrèsé, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ń fi ayùn rẹ́ pákó tí wọ́n máa fi kan pèpéle tí àbúrò náà, tó jẹ́ aṣòfin, yóò dúró lé lórí lọ́jọ́ Sátidé.

"Ìyá Ilé," ni ọkọ wí, "orin àbúrò rẹ tí ò ń kọ yìí ti sú mi. Ṣé o ò ní orin ọkọ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó wọlé ná, Baba Ilé. Bó bá ti wọlé, tiyín ni n ó máa kọ títí tí ẹ ó fi bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́."

Ọkọ rín ẹ̀rín, ẹ̀rín sì di ikọ́. Aránṣọ kò gbójú sókè. Ikọ́ fée ti ń bá ọkùnrin náà jà tipẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó a sì máa ru ú sókè.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Tiwa-ni kò burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni. Nígbà tó kọ́kọ́ du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀, alùpùpù àyálò ló ń gùn kiri, ó sì fìdí rẹmi. Nígbà tó tún jáde, aránṣọ pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tì, ó ń kan ilẹ̀kùn láti òpópónà kan dé èkejì. "Ẹ̀jẹ̀ mi ni," ló ń wí. "Mo fi ara mi dúró fún un." Wọ́n dìbò fún un, ó sì wọlé. Òun ló jà títí ìjọba fi gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí ìkóríta. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, ṣe ló ń sunkún bí ọmọdé.

Àmọ́ oyè dùn, ó sì ń múni gbàgbé ilé. Kí sáà náà tó parí, ó ti kó lọ sí olú ìlú, ó ti fi ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, ojú rẹ̀ sì ti di ọ̀wọ́n. Nígbà tí ìbò kẹta ń bọ̀, àyà rẹ̀ ń já, ló bá pe aráyé wá síbi tó ti ń ṣí ilé ìwòsàn tuntun. Aránṣọ ló rán kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ta sẹ́nu yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì. Nínú yàrá náà, àgbá ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ran ẹni tí kò lè mí lọ́wọ́, dúró gbagidi. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí èrò túká, aránṣọ rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń gbé àgbá náà lọ.

"Wọ́n fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó dá a padà ni, Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò rẹ̀ wí.

Kò gbà á gbọ́ tán, àmọ́ ó pa ẹnu mọ́. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó tún kan ilẹ̀kùn kiri: "Ẹ lọ wo ilé ìwòsàn. Èmi ni mo rán kọ́tìnnì ibẹ̀." Díẹ̀ ló kù kí Tiwa-ni fìdí rẹmi, àmọ́ ó wọlé. Ìbò míì ló tún dé yìí.

Nígbà tí aránṣọ kò gbọ́ ìró ayùn mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó kọ́kọ́ rán etí fìlà ọwọ́ rẹ̀ parí kó tó yọjú. Ọkọ rẹ̀ fara ti pákó, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ti dúdú. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu kò ràn án.

Ọkọ̀ aládùúgbò ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì," ni aránṣọ wí. "Àgbá wà níbẹ̀. Mo fojú mi rí i."

Nọ́ọ̀sì fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbálẹ̀ kan, korobá kan àti ògiri lásán ló wà níbẹ̀.

Wọ́n dorí ọkọ̀ kọ ilé ìwòsàn ńlá, nọ́ọ̀sì sì bá wọn lọ. Ọkọ di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó dé afárá, kò fún un mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nọ́ọ̀sì wá kí i. Aránṣọ bi í léèrè ta ló yẹ kó mọ̀ pé yàrá náà ṣófo.

"Aṣòfin yín ni, mà. Gbogbo wa rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pín ìrẹsì, kó sì ya fọ́tò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yẹ ètò ìnáwó ìjọba wò kó tó buwọ́ lù ú. Ó lè pe àwọn tó ń bójú tó ìlera wá sí ilé ìgbìmọ̀, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọn ò ṣe. Àwa nọ́ọ̀sì ti kígbe títí. Ohùn tiwa nìkan kò tó. Bí aráàlú bá kóra jọ lọ bá a, yóò gbọ́, torí ìbò yín ló ń bẹ̀rù."

Tiwa-ni náà wá. Ó jókòó sórí àpótí tí káfíńtà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó ń nu ojú. Nígbà tó yá, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní àìsàn ọjọ́ pípẹ́ ni."

"Àgbá yẹn ńkọ́?"

"A yá a ni. Mo ní bí mo bá wọlé tán, n ó rí sí i kí wọ́n ra tiwa. Mo wọlé tán, kò sẹ́ni tó béèrè." Ó wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin náà ò béèrè, Ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà wọ aránṣọ lára ju ikú lọ. "Òótọ́ lo sọ," ló fi dá a lóhùn. "Èmi náà ò béèrè."

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó bọ́ sí òpópónà pẹ̀lú kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lápá. Ó ń kan ilẹ̀kùn tó ti kàn tẹ́lẹ̀. "Mo ti wá síbí rí," ló ń wí. "Mo ní mo fi ara mi dúró fún àbúrò mi. Mo wá gba ọ̀rọ̀ mi padà." Àwọn kan bá a sunkún. Àwọn ẹbí kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Tiwa-ni fìdí rẹmi. Aránṣọ kò jó. Ó sunkún fún ọkọ rẹ̀, ó sì sunkún fún olùkọ́ orí alùpùpù àyálò tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ nígbà kan, torí òun náà ti lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má dìbò fún ẹni yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè àbá tó gbé dé ilé ìgbìmọ̀ àti ohun tó bi ìjọba lórúkọ yín. Bí wọ́n bá pè yín síbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé ìwòsàn, ẹ lọ, ẹ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn tó ń ya fọ́tò bá ti lọ tán, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ ṣí kọ́tìnnì. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí ẹni yín bá ń wá èémí ni ẹ máa mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.