Awakọ̀, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ àti Ámpù Onífáàfù

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni obìnrin náà kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé aláwọ̀ ìyeyè kan ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ rí, tó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, tó sì wọ àárín ọkọ̀ méjì bí ẹní ti ọwọ́ bọ àpò, láì fara kan ìkankan nínú wọn. Ó ń retí kí ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin ló sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ti lé lógójì díẹ̀, tó wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì gbé àpótí ńlá kan jáde.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ sáré bọ́ síta. "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Ẹ má ṣèyọnu, Ọ̀gá. Ó ti mọ́ mi lára." Obìnrin náà gbé e kọjá lára rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì iṣẹ́, ìgbà yẹn ló tó mí kanlẹ̀. "Àmọ́ ẹ lè bá mi wá àga."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń tètè rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Rédíò àti ẹ̀rọ àwọn olórin ló ti ń tún ṣe láti kékeré. Ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ nítorí pé bó ṣe ń rìn ló ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò níyàwó. Ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá rẹ̀ fi ṣàìsàn, òun ló tọ́jú rẹ̀. Ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ọmọ fọ́kọ.

Ámpù ni obìnrin náà gbé wá, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn gìtá, tó ń sọ ọ́ di ńlá. Ti àtijọ́ ni, irú èyí tó ń lo fáàfù, àwọn gílóòbù kéékèèké tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná tí wọ́n bá ti gbóná. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí irú rẹ̀ ti kan ọwọ́ Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ gbẹ̀yìn.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń kùn. Tí mo bá sì ti ta gìtá tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, bíi tẹni tó ń gun òkè."

"Ẹ̀yin lẹ ń ta gìtá?"

"Ṣé ẹ rò pé ọkọ̀ nìkan ni mo mọ̀ ọ́n wà ni?"

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ tú ẹ̀yìn ámpù. Ẹnìkan ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ó sì di àwọn wáyà jọ létòlétò bí irun tuntun. "Ta ló ṣe èyí? Ọwọ́ ẹni náà mọ́."

"Ọkọ mi ni. Òun ló ni ámpù, òun náà ló kọ́ mi ní gìtá." Obìnrin náà sọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Ọdún mẹ́fà rèé tó ti dolóògbé."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kí i pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kó ta gìtá díẹ̀, kí òun lè fetí ara òun gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Obìnrin náà lọ gbé gìtá wá nínú bọ́ọ̀sì, ó jókòó, ó ta orin kan tó ń rọra lọ bí ẹní ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn náà ń rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ti gbàgbé ohun tó mú dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ta."

"Ṣé ẹ ò tíì gbọ́ àìsàn ẹ̀ ni?"

"Mo ti gbọ́ àìsàn ẹ̀," ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fèsì. "Orin yẹn ni mi ò gbọ́ tẹ́rùn."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó ní fáàfù lòun ń wá. Òótọ́ ni, àmọ́ ọjọ́ karùn-ún ló ti rí fáàfù rà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, tí Awakọ̀, orúkọ tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ń pe obìnrin náà, bá ti já àwọn ọmọ sí ilé-ìwé, yóò yà wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Wọn á mu tíì. Awakọ̀ á sọ nípa ọmọbìnrin kékeré kan nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ tó máa ń bi í láràárọ̀ bóyá bọ́ọ̀sì sùn dáadáa. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló ń sọ lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ogún.

Lọ́jọ́ kan, Awakọ̀ nawọ́ sí inú ámpù. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú wéré. "Ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná, iná ṣì ń bẹ nínú ẹ̀. Á gbá yín."

"Bíi ti ìyá ọkọ mi gẹ́lẹ́," ni Awakọ̀ wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Awakọ̀ tètè dákẹ́. "Mò ń ṣeré ni o. Ìyá tèmi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ilé Màmá ni mo ti tún mọ bó ṣe ń rí kí ìyá máa retí èèyàn. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kò tíì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó rí i, ó fi í sílẹ̀, ojú sì tì í.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé etí ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ obìnrin, ẹni tí etí rẹ̀ kì í di rárá. "Kí ni bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń wá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ?" ló béèrè. "Àbí o fẹ́ padà sí kíláàsì ni?"

Lọ́jọ́ tí Awakọ̀ wá gbé ámpù, Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ dúró tì í bí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ẹrù ilé rẹ̀ lọ. "Ó yẹ kí n jẹ́wọ́," ló wí. "Ó ti ṣe tán láti ọ̀sẹ̀ kejì."

"Mo mọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ra fáàfù sára páálí ẹ̀."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó sì sọ ọ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ yín."

Omi lé ròrò sójú Awakọ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi náà, ọkàn mi ti ń yà síbí kí ọkọ̀ tó yà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bá Màmá sọ ọ́ ná."

Ọjọ́ kẹta, ó padà wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ámpù ka orí tábìlì, kò sì jókòó. "Màmá ní ohùn ọmọ òun kọ́ nìyí. Ó ní kẹ́ ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. "Kí ni nǹkan mìíràn tí Màmá sọ?"

"Àwọn aládùúgbò ti sọ fún un kí n tó lanu. Ó ti pe bùròdá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Bùròdá ní tí mo bá fẹ́ lọ́kọ, kí n lọ, kò sẹ́ni tó so mí mọ́lẹ̀. Àmọ́ nǹkan ìdílé àwọn ni ámpù, á dúró. Òun á sì mú Màmá lọ sílé òun."

"Ṣé Màmá fẹ́ lọ?"

"Ó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ní bí àlejò ni wọ́n ṣe ń ṣe òun, kò sẹ́ni tó bá òun jà fún odindi ọjọ́ méje. Ó ní tẹni ló ń bá ni jà." Awakọ̀ fọwọ́ nu ojú. "Ọ̀gá, mo fẹ́ràn yín. Mi ò kàn lè ti ara obìnrin yẹn kọjá kí n máa lọ bí ẹni pé ibùdókọ̀ ni."

Ó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, kò wá. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè a máa gba òdìkejì títì kọjá, kò ní dúró. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lóòjọ́, nígbà míì kì í tó mẹ́wàá. Ìbànújẹ́ bá a débi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an kò bá a ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Nínú agolo kékeré kan ló kó gbogbo ohun tó yọ nínú ámpù sí, nítorí kì í da ẹrù ẹlẹ́rù nù. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó ki agolo náà bọ àpò, ó gbé ámpù sínú takisí, ó kọrí sílé wọn.

Awakọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń bọ̀."

"Màmá ni mo wá bá."

Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká aṣọ tó gbẹ. Kò sanra, kò sì ga, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá ló ń wo ojú rẹ̀. Bùròdá náà wà níbẹ̀, ọkùnrin gíga kan tó jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ tètè lọ.

"Mo mọ̀ ọ́," ni Màmá wí nígbà tí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kí i. "Ìwọ lo pa ohùn ọmọ mi dà."

"Òótọ́ ni, mà. Mo wá dá a padà, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ." Ó kó ohun inú agolo jáde. "Àwọn ohun kéékèèké tó máa ń tọ́jú iná yìí ti gbẹ, mi ò ní fi wọ́n padà, wọ́n lè dáná sunlé. Àmọ́ fáàfù lohùn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀ rèé."

Ó fi í sí i. Wọ́n dúró kó gbóná. Awakọ̀ gbé gìtá, ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà jáde, ó ha díẹ̀, ó sì tutù. Màmá gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Òun nìyẹn," ló wí.

Orin ń lọ. Nígbà tó yá, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Awakọ̀ fẹ́ dúró, Màmá gbọ́wọ́ sókè pé kó máa lọ. Ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí ó fi dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn lọ́dún tó kú," ni Màmá wí. "Lórí ibùsùn. Á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò ní lè parí ẹ̀. Èmi á ní kó sinmi." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi aṣọ tó ká sílẹ̀ nù ún. "Mo ti gbàgbé pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀ látilẹ̀. Ọmọ mi lóhùn. Tó bá pè mí láti títì, gbogbo ilé ló ń dáhùn." Ó yíjú sí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. "Fi tuntun yẹn sí i."

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pa iná, ó jẹ́ kí fáàfù tutù, ó pààrọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ tún orin kan náà ta, ó kún, ó dán, ó lọ dópin. Màmá ń mi orí. Bùròdá ń wo ojú fèrèsé, kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

"Jókòó," ni Màmá sọ fún Ọ̀gá Jẹ́jẹ́. "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú, mà. Àìsàn ọdún mẹ́rìnlá."

"Ta ló tọ́jú ẹ̀?"

"Èmi ni."

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. "Kí lo wá ń wá báyìí?"

"Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, mà."

Kò pè é ní ìyàwó ọmọ yín. Màmá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Bùròdá wúkọ́. "Ọ̀gá, a ò ní kẹ́ ẹ má fẹ́ ẹ. Màmá á tẹ̀lé mi, ámpù á tẹ̀lé Màmá. Ó parí."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. "Yàrá mẹ́ta ló wà nílé mi. Èyí tó wà níwájú ń gba oòrùn àárọ̀. Tí Màmá bá lè fara dà wá, inú mi á dùn."

"Kí ìyá ọkọ tẹ̀lé ìyàwó lọ sílé ọkọ tuntun?" ni Bùròdá béèrè. "Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

"Ìwọ ni," Màmá dáhùn. "O ti gbọ́ ọ báyìí."

Ohùn Bùròdá rọlẹ̀. "Màmá, kí làwọn èèyàn á máa sọ nípa mi?"

"Wọ́n á ní Sátidé Sátidé lo máa ń wá kí ìyá rẹ. Ìyẹn tó o bá ń wá o."

Awakọ̀ gbé gìtá sílẹ̀. "Bùròdá, tiyín ni ámpù. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fi sílẹ̀, màá fi sílẹ̀. Màmá ni mi ò lè fi sílẹ̀."

Bùròdá wo ẹ̀rọ náà títí. "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ló wí níkẹyìn. "Mi ò mọ̀ ọ́n ta. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan àbúrò mi wà níbi tí mo ti lè rí i ni."

"Ẹ máa wá gbọ́ ọ, sà," ni Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wí. Bùròdá mi orí pé òun gbọ́.

Oṣù kejì ni wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù, àwọn ẹbí díẹ̀ tẹ̀lé wọn, àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì sì ya àwòrán ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ wo Màmá, ó wo ìyàwó, ó ní, "Ọ̀kan la ní kó o lọ fẹ́, méjì lo kó bọ̀." Àtọjọ́ náà ni òun àti Màmá ti ń bára wọn jà lójoojúmọ́, ìyẹn ni pé wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ìgbéyàwó, Awakọ̀ ń ta gìtá ní pálọ̀, ó rọra ń ta á, nítorí Màmá ń sinmi ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ kò gbọ́ orin náà rí.

"Orin wo nìyí, ìfẹ́ mi?"

"Mi ò tíì mọ̀, olówó orí mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni."

Wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan ń lu ògiri. Awakọ̀ fọwọ́ tẹ okùn gìtá mọ́lẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ṣé ó ń dí yín lójú oorun ni?"

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀," ni Màmá wí láti inú yàrá. "Ògiri ń jẹ nínú ẹ̀."

Awakọ̀ nawọ́ sí ámpù, ó yí i sókè.