Ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tí Helen Kò Ṣí

Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́rùn Susannah, ìyá àgbà ilé náà, nígbà tí wọ́n bá a lórí àga láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gèlè lórí, Bíbélì lẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Kò sí àìsàn tí ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí gbogbo ilé náà l'Ódògbólú mọ̀ ni pé ìkọ́kọrẹ́ tí Mojí sè ló jẹ kẹ́yìn lálẹ́ Sátidé, àti pé òwìwí kan ké lórí igi máńgòrò kí ilẹ̀ tó ṣú tán. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Àwọn ará àdúgbò kò tún wá ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ọmọkùnrin méjì ni ìyá náà bí. Gilbert ni àgbà, Helen ni ìyàwó rẹ̀. Micah ni àbúrò, òun ló fẹ́ Mojí. Ilé kan ni wọ́n jọ ń gbé, ilé ìdáná kan ni wọ́n jọ ń lò, ibẹ̀ gan-an sì ni owú gbà wọlé. Ọdún mẹ́rìnlá ni Helen fi se oúnjẹ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìparí ọdún tó kọjá, láìsọ ìdí, ìyá ta kété sí ìkòkò Helen, ti Mojí ló ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń dun ni tó. Bí abọ́ Mojí bá ti ń lọ sí yàrá ìyá, inú Helen a máa ta á bí ẹni fi ata sójú egbò.

Adìẹ Helen ń kú, ó ní Mojí ni. Ibà ń ṣe Tọ́pẹ́ ọmọ Helen lemọ́lemọ́, Mojí náà ni. Lọ́jọ́ kan Helen dá a dúró lójú gbogbo ilé.

"Ìwọ tí ò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ìdájí ojoojúmọ́, kí lò ń fi orúkọ mi ṣe?"

"Àdúrà ni mò ń gbà, ẹ̀gbọ́n mi," ni Mojí wí. Nígbà tí wọ́n bi í pé irú àdúrà wo, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin ìyá, Mojí lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Helen sì tú yàrá rẹ̀. Inú Bíbélì ló ti rí bébà kan tí òróró ti rin. Orúkọ Helen nìkan ni wọ́n kọ sí i, ìlà pupa wẹ́wẹ́ tó lé ní igba sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ba Helen, inú rẹ̀ sì dùn. Kí n má purọ́, ìdùnnú náà pọ̀ ju ẹ̀rù lọ.

Ó gbé bébà náà fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí Mojí dé, Gilbert pe ẹbí jọ sí pálọ̀. Ó ní kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣú bá Mojí àti ọmọ rẹ̀ méjèèjì nínú ilé. Micah kò lè gbó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Ó ń sunkún, ó ń di ẹrù ìyàwó rẹ̀. Mojí ní òun ti ṣèlérí pé òun kò ní sọ nǹkan kan títí di ìkórè ìjọ, kí wọ́n ṣáà bá òun pe àlùfáà.

Àlùfáà Theophilus gun ọ̀kadà dé. Ó wo bébà náà, ó sì jókòó. Ó ṣàlàyé pé níbẹ̀rẹ̀ ọdún, obìnrin ìjọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń fẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, wọ́n sì pín in lọ́sẹ̀ kejì. Ẹni tó bá gba tìrẹ á máa gbàdúrà fún ọ lójoojúmọ́ ní ìkọ̀kọ̀ títí di ìkórè. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, Helen ti fìbínú jáde torí pé Mojí ni wọ́n ní kó ka Bíbélì. Akọ̀wé ló bá a kọ orúkọ rẹ̀ nìkan. Ìlà kan, àdúrà ọjọ́ kan. Òróró àdúrà ló ta sí i.

"Ìyá Tọ́pẹ́," àlùfáà ní, "ẹ̀yin náà gba ti ẹnì kan. Níbo ló wà?"

Ìgbà náà ni Helen rántí. Wọ́n fi ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kan lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rò pé ti owó ìkórè náà ni wọ́n tún gbé dé, ó pòṣé, ó kì í bọ inú ìwé orin. Ó lọ mú un wá. Ẹnu rẹ̀ ṣì lẹ̀ pa.

Àlùfáà ní kó kà á sínú. Helen ya á, ó sì mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ó lè ká a padà, kó fi sáyà, ẹnikẹ́ni ò ní bi í. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti ń ká a. Ó wí nínú ara rẹ̀ pé, Olúwa, kí ni kí n ṣe? Àdúrà àkọ́kọ́ tó gbà lọ́dún náà tí kò ní ẹjọ́ Mojí nínú nìyẹn. Ó tún bébà náà ṣí, ó kà á sókè.

"Èmi Susannah. Àyà ń dùn mí. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù, mi ò fẹ́ káwọn ọmọ mi mọ̀. Ọbẹ̀ Helen dùn, iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ fún mi. Ti Mojí tẹ́, òun ló bá mi mu. Helen rò pé mi ò fẹ́ràn òun mọ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó fún mi lẹ́nu tí màá fi sọ fún un."

Micah bẹ̀rẹ̀ sí tú ẹrù. Helen kúnlẹ̀ fún ìyàwó tó bá a nílé.

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún," ó ní. "Mi ò ṣí i."

Mojí fà á dìde, òun náà ń sunkún. Ó gba bébà rẹ̀ tó rin fún òróró lórí tábìlì, ó sì ń wá bírò pupa nínú báàgì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tíì fa tòní."

Nígbà tó fà á tán, Helen tọrọ bírò náà. Ó yí ẹ́ńfílọ́ọ̀pù tó ya náà sẹ́yìn, ó kọ Mojí sí i, ó sì fa ìlà kan sábẹ́ rẹ̀.