Sípíkà Tí Ẹnu Rẹ̀ Ń Rùn

Ohun tó kọ́kọ́ kọ Qaanitah lóminú ni pé gbogbo àwọn tó ra sípíkà náà ló ń yìn ín, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ó ń rùn.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìdúmàgbò. Tẹlifíṣọ̀n ló ń tà níbẹ̀, àti sípíkà, àti iná aláràbarà tí àwọn ọ̀dọ́ ń lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá, pẹ̀lú oríṣiríṣi nǹkan àrà tó ń ti òkè òkun wọlé. Bó bá ti ta ọjà fún ènìyàn, á bẹ̀ ẹ́ pé kó gba ohùn sílẹ̀ lórí Wáásáàpù, kó sọ bí ọjà náà ṣe rí, torí ẹnu oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn ló fi ń pe oníbàárà mìíràn. Páálí tí àwọn sípíkà yìí wà nínú rẹ̀ kàn bá ọjà mìíràn wọlé ni. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Qaanitah rò pé èènì ni wọ́n fi ṣe fún òun. Àwọn sípíkà náà rí roboto bí orí ọmọ tuntun, aṣọ tó bo ojú wọn rọ̀, wọ́n sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ kódà nígbà tí kò sí iná lára wọn.

Ìyá Haleem, tó ń gbé nítòsí Igbosere, ló kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní sípíkà náà dára, ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé ènìyàn jókòó ti òun nínú yàrá. Àmọ́ ó ń rùn bí ẹnu. Ó ní kì í ṣe ẹnu aláàwẹ̀ o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹnu ẹni tó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ ni. Ẹlòmíràn ní ó máa ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kó tó kọrin. Múdàṣírù onígbàjámọ̀ ní tiẹ̀ sọ pé láràárọ̀ lòun ń fi aṣọ nù ún, nítorí nǹkan tó ń yọ̀ bí itọ́ máa ń sun jáde níwájú rẹ̀. Síbẹ̀ ohùn rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí Qaanitah ní kí wọ́n dá a padà kí òun pààrọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó gbà.

Èyí ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múdàṣírù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó mọ ọkùnrin náà dáadáa. Ó mọ Mariyah ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó kú lórí ìkúnlẹ̀. Ilẹ̀kùn kò tì tán. Bó ṣe wọlé, òórùn náà gbá a nímú, òórùn eyín jíjẹrà àti oúnjẹ àná. Múdàṣírù fi ìka lé ètè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Qaanitah wò yíká. Ó rí sípíkà náà lórí ìrọ̀rí, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀ bí èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àgbọ̀n ọmọ. Aṣọ náà ti pọ́n, ó ń fà yọ̀ọ̀. Bó ti ń wò ó ni iwájú sípíkà náà wú sókè, tó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ohùn kan jáde nínú rẹ̀, ohùn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú.

"Ta ló wà pẹ̀lú yín?"

Ohùn Mariyah ni. Qaanitah kò mọ bí òun ṣe dé ìta. Ẹ̀bá gọ́tà ló ti bá ara rẹ̀, tó ń bì. Ibẹ̀ ló ti rántí pé òun ti mú ọ̀kan lára àwọn sípíkà náà fún ìyá òun.

Alhaja Afusat, ìyá rẹ̀, ń dá gbé nínú yàrá ìsàlẹ̀ ní Pópó Àgùdà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀, Alhaji Yaqub, ti ṣaláìsí. Kì í fẹ́ jẹun mọ́. Qaanitah rò pé wáàsí àti orin tí sípíkà bá ń gbé jáde á mú ilé gbóná díẹ̀. Ìyá náà ti fi ohùn tirẹ̀ ránṣẹ́ bí àwọn oníbàárà yòókù. Ó ní ó dára gan-an, ó ní kí Qaanitah má wulẹ̀ gbé òmíràn wá. Kò sọ̀rọ̀ òórùn rárá.

Nígbà tí Qaanitah débẹ̀, ìyá náà jókòó lórí ẹní, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, àwo ẹ̀bà àti ẹja wà níwájú rẹ̀. Ó bu òkèlè, ó rún un títí tó fi kúnná, ó fi ìka yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì tì í bọ inú nǹkan tó gbé lé itan. Aṣọ ojú sípíkà náà ti ya. Kò sí wáyà lábẹ́ rẹ̀. Èrìgì ló wà níbẹ̀, ó pupa, ó tutù, ẹyọ eyín mélòó kan ti ń yọ nínú rẹ̀. Ahọ́n kan yọ jáde, ó sì lá ìka ìyá rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Ó ti ń hu eyín," ni Alhaja Afusat wí, láìbojú wẹ̀yìn. "Wá wo èjí ẹ̀."

Èjí bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́. Bí ẹnu náà ṣe gbé oúnjẹ mì tán, ó pe Qaanitah ní oríkì tí kò sí ẹlòmíràn tó ń fi pè é.

"Àṣàbí, ṣé o ti jẹun?"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó já nǹkan náà gbà, ó gbé e lọ sí balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó sì tẹ̀ ẹ́ rì sínú báàkẹ́ẹ̀tì omi. Nǹkan náà kò gé e jẹ. Ìka rẹ̀ ló wá mú, tó ń fà á mu bí ọmọ tó ń wá ọmú, tó ń fà á, tó ń fà á, títí agbára rẹ̀ fi ń dínkù. Nígbà tó fi máa dákẹ́, omi náà ti ki bí ògì. Ohun tó yọ jáde nínú rẹ̀ kò ju ẹran jíjẹrà lọ, ìdin sì ti wà lára rẹ̀. Ó dì í sínú ọ̀rá, ó lọ sọ ọ́ sínú ọ̀sà.

Nígbà tó padà dé, ìyá rẹ̀ ti palẹ̀ àwo mọ́. Kò sunkún. Kò tilẹ̀ bínú.

"Ebi ṣì ń pa á," ló sọ, ó sì kọjú sí ògiri.

Qaanitah ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n sọ nǹkan náà nù kíákíá. Àwọn kan kò dáhùn mọ́. Ìyá Haleem bú u, ó ní kó má fi fóònù pe òun mọ́ láyé. Múdàṣírù kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó kó lọ. Qaanitah fọ ìka rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, ó fi kànìnkànìn ha á títí ó fi bó. Òórùn ẹnu náà kò lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti Mùs'áb ọkọ rẹ̀ jọ ń jẹun. Qaanitah bu òkèlè, ó jẹ ẹran lé e, ó ń rún un, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mùs'áb ló dáwọ́ oúnjẹ dúró, tó ń wò ó.

"Qaanitah," ó ní jẹ́jẹ́, "kí lò ń ṣe yẹn?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti tu oúnjẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́, itọ́ ń kán láàárín ìka rẹ̀, ó sì ti na ọwọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, síbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dà á nù. Síbẹ̀ kò ká ọwọ́ náà kò. Ó ń dúró ni, bóyá nǹkan kan á lá a.