Oníná Tó Sọ Ìdajì Iye

Ọjọ́ tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ rí oníná náà, orí àkàbà ló wà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọdé tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

"Mo sọ fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Abẹ́rẹ́ wí láti ìsàlẹ̀.

"Lẹ́yìn tí mo fọwọ́ kàn án tán lẹ sọ ọ́."

"Mo rò pé oníná ni yín."

"Oníná ni mí. Mo ní kí ẹ ti pa iná kí n tó dé ni."

"A pa á. Ìgbà tí ẹ kan ilẹ̀kùn la pa á."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ rín, ó gbé e mì.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ náà àti nítorí ẹnu rẹ̀. Bàbá yìí, Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun ló ń kan àga. Ọmọ rẹ̀ ló ń fi tìmùtìmù àti aṣọ bò ó. Níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, yàrá gígùn kan wà tí wọ́n ń to àga títà sí, inú àjà yàrá náà sì ni Káfíńtà fi gílóòbù méjìlá sí, àwọn kéékèèké tó ń da ìmọ́lẹ̀ sójú kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní halójìnì. Ó fẹ́ràn wọn gidigidi. Ó ní ìmọ́lẹ̀ wọn ń mú kí igi pupa dà bí ìgbà tí wọ́n fi oyin pa á lára.

Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni pé yàrá náà ń gbóná bí ìdí ààrò. Oníbàárà á wọlé, á jókòó, á fi àpamọ́wọ́ máa fẹ́ ara rẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti dìde lọ. Àwọn gílóòbù náà kì í sì í pẹ́ kú. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀kan ló fọ́, tí àfọ́kù rẹ̀ gbígbóná já bọ́ sórí àga tí Abẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àrán bò, ó sì dá ihò sí i.

Oníná sọ̀kalẹ̀, ó wo ihò náà.

"Ẹ̀yin lẹ rán èyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́." Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó tẹ̀ba, ó wo etí aṣọ náà. "Rírán yìí dọ́gba ju ti ẹ̀rọ lọ. Ó dun èmi, ká má tíì sọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán an."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Abẹ́rẹ́ lọ́kàn, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó wọ òun lọ́kàn.

Ìbínú náà nídìí. Abẹ́rẹ́ ti lọ sílé ọkọ rí. Ọkọ náà kò parọ́ fún un rí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ìdajì. Ó sọ pé òun nílé, kò sọ pé ìyàwó mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Ó sọ pé òun níṣẹ́, kò sọ pé wọ́n ti dá òun dúró níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, ó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀. Àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó ń bá wọn dá oníbàárà lóhùn, máa ń sọ pé ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Oníná tún wá, nítorí gílóòbù mìíràn tún kú. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá Káfíńtà sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo ìwọ̀nyí dànù, ká fi LED, gílóòbù ìgbàlódé, sí i."

Káfíńtà bèèrè iye rẹ̀. Oníná sọ ọ́. Káfíńtà gbé òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Gílóòbù kan ṣoṣo? Ṣé wúrà ni wọ́n fi ṣe é ni?"

"Ẹ gbọ́ mi ná, Bàbá. Iná tí èyí tẹ́ ẹ ń lò yìí ń jẹ, ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe, díẹ̀ ló fi ń tàn. LED kì í jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, kì í sì í mú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹ óò lò ó títí, ẹ óò gbàgbé ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á."

"Ohun tó bá dára tó báyẹn máa ń bà mí lẹ́rù."

Àǹtí dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin tó bá fẹ́ràn ohun olówó ńlá, a kì í fún un lọ́mọ."

"Ta ló ń tọrọ ọmọ?" ni Káfíńtà bi í.

Àǹtí wo Abẹ́rẹ́, ó wo oníná, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́nu.

Kì í ṣe pé Àǹtí purọ́. Ní ọjọ́ kejì, oníná fi gílóòbù LED kan sápò wá, ó ní kí Abẹ́rẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Abẹ́rẹ́ ní òun ti rí irú rẹ̀ rí, pé ó funfun ràn bí iná ilé ìwòsàn, pé aṣọ pupa òun á dà bí aṣọ aláìsàn nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Irú kan nìyẹn. Èyí tó ń tàn bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà. Ìyẹn ni mo mú wá."

Ó tàn án, ó pa ìyókù. Abẹ́rẹ́ tẹ́ aṣọ pupa sílẹ̀. Ó pupa. Ó tẹ́ aláwọ̀ ewé. Kò ní àléébù.

"Wá fọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀ wò," ni oníná wí.

Kò sọ pé "ẹ wá." Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe. Abẹ́rẹ́ gun àkàbà náà ní ìtẹ̀sẹ̀ díẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè. Oníná na tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ó ń jó ọ?"

"Kò jó mi."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju bí gílóòbù ṣe nílò lọ.

"Abẹ́rẹ́ mi," ni ọkùnrin náà wí wẹ́rẹ́, "bí mo bá wá bá bàbá rẹ nítorí tìrẹ, ṣé wàá lé mi?"

"Parí iṣẹ́ iná tó wà lọ́wọ́ rẹ ná."

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Bí ó bá fẹ́ ra aṣọ, ó máa ń yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fẹ́ ọkùnrin tí òun kò ní máa yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wò. Bí kò bá rí irú rẹ̀, ó sàn kí òun wà lóun nìkan. Ìyẹn nìkan ni ohun tó kù tó fẹ́ mọ̀ nípa oníná.

Káfíńtà rà wọ́n. Ó kùn, ó sì san án. Oníná fi méjèèjìlá sí àjà, yàrá náà sì mọ́lẹ̀ láìgbóná. Àǹtí pàápàá jókòó síbẹ̀, ó ní òun kàn ń sinmi ẹsẹ̀ ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì wá wo àga tó máa kún ilé. Ó ń fọwọ́ pa apá àga, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Káfíńtà, ni iná bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ọ̀kan kọ́kọ́ ṣẹ́jú, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí ó tó di pé ẹnì kan sọ̀rọ̀, gbogbo àjà ń ṣẹ́jú wìnnìwìnnì. Obìnrin náà di orí mú, ó ní òun ń bọ̀, ó lọ.

"Gílóòbù olówó ńlá," ni Káfíńtà wí, "ó ń ṣẹ́jú sí mi bí oníjìbìtì."

Abẹ́rẹ́ pe oníná. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ ti sọ fún Abẹ́rẹ́ pé ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gun àkàbà, ó fa àpótí kékeré kan jáde láti ẹ̀yìn gílóòbù.

"Tíránsífọ́mà ni, ohun tó ń dín agbára iná kù kó tó dé gílóòbù. Ẹrù halójìnì tó wúwo ni wọ́n ṣe é fún. LED fúyẹ́ jù fún un. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé ìyẹ́ lé lórí, tó ń fọwọ́ kàn án ṣáá bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àwọn náà."

"Ìgbà wo lo mọ̀?" ni Abẹ́rẹ́ bi í.

Oníná ń yí àpótí náà ká lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo?"

"Kí a tó ra gílóòbù ni. Mo mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Bàbá ti gbé òòlù sílẹ̀ nítorí iye àkọ́kọ́, mo rò pé tí mo bá fi tèkejì lé e, wọ́n á ní rárá. Tíránsífọ́mà àtijọ́ máa ń gbé e nígbà mìíràn. Mò ń retí pé á gbé e."

"O sọ ìdajì fún wa."

"Kì í ṣe pé mo parọ́..."

"Mo mọ̀ pé o kò parọ́. Ọkọ mi àtijọ́ náà kò parọ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Parí iṣẹ́ rẹ, kí o sì máa lọ."

Ó pààrọ̀ gbogbo wọn, ó ní òun kò ní gba owó. Káfíńtà fi owó náà sí i lọ́wọ́ tipátipá.

"Iná ni mo rà, èmi ni màá sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní o ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ǹ bá ti bínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Iná kò ṣẹ́jú mọ́. Owó iná já wálẹ̀, oníbàárà ń jókòó pẹ́, ọ̀kan tilẹ̀ sùn lọ sórí àga tó wá rà, Káfíńtà sì tà á fún un nígbà tó jí. Ó gbà báyìí pé gílóòbù náà tó owó rẹ̀. Inú Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò dùn. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà síbẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn ún.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, oníná dé pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, láìmú irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Káfíńtà àti Àǹtí. Wọ́n ní kó jókòó, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró.

"Bàbá, ọmọ yín ni mo wá tọrọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dáhùn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo iye tó wà lórí mi."

"Ó yá, kà á," ni Àǹtí wí, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tòsí.

"Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ojú wọn ti fọ́. Wọn kì í sùn lóru, wọ́n máa ń jà, kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá wọn gbé tí kò sá. Wọn kò ní kúrò lọ́dọ̀ mi títí ayé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mi, ó fẹ́ bá wọn gbé ni."

"Ó kù?"

"Iṣẹ́ mi kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Níbi tí iná bá ti bàjẹ́, wọ́n á pè mí, màá lọ." Ó wo ilẹ̀. "Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rù ìjà máa ń bà mí. Tí ọ̀rọ̀ bá korò, mo máa ń fi pamọ́ títí á fi rà. Ẹ ti rí i lára iná yín. Mò ń gbìyànjú láti jáwọ́ níbẹ̀. Mi ò tíì jáwọ́ tán."

"Ó kù?"

"Mo máa ń hanrun, Mà."

"Ìyẹn kì í ṣe ìròyìn," ni Àǹtí wí. "Ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbé òrùlé fò."

Káfíńtà kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Abẹ́rẹ́, ìwọ ló kù."

"Mi ò ní dáhùn níbí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n lọ rí ìyá rẹ̀ fúnra mi."

Òun àti oníná jọ rìn lọ. Ìyá àgbà náà jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ etí sí ìró ẹsẹ̀ wọn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Mà. Ọmọ Káfíńtà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìwọ ni ọmọ mi ń torí rẹ jẹun bí ẹyẹ. Jókòó. Kí ló sọ fún ọ nípa mi?"

"Ó ní ẹ kì í sùn."

"Òótọ́ ni."

"Ó ní ẹ máa ń jà."

"Irọ́ ni! Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ló ń jí ṣúgà mi. Máa sọ ọ́ lọ."

"Ó ní ẹ kò ní kúrò lọ́dọ̀ òun láé."

Ìyá àgbà gbé orí sókè. "Ó sọ ìyẹn kí o tó gbà fún un?"

"Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ilé wa."

"Ọmọ yìí! Láti kékeré, tó bá fọ́ àwo, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń kó o sí. Gbé ọwọ́ rẹ wá." Ó fi ìka pa orí ìka Abẹ́rẹ́, ibi tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle. "Oníṣẹ́ ni ọ́."

"Àga ni mò ń fi aṣọ bò, Mà."

"Kò sọ ìyẹn fún mi. Ó ń sọ ṣáá pé o lẹ́wà. Kí ni èmi fẹ́ fi ẹwà ṣe? Ọwọ́ yìí ni mo rí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nígbà tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ nìyẹn, àga tí mo jókòó lé yìí ń gún mi nídìí. Ó ti pẹ́. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ ni, kó má baà kó owó lé e lórí."

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé omi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, Mà! Ibi tó ti kọ́ ìdajì sísọ rè é! Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ rẹ̀."

Ó gbé ìyá àgbà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó dojú àga dé. Okùn abẹ́ rẹ̀ ti já tán, orí ìṣó ti yọ jáde. Oníná dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìtìjú bò ó.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí.

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Láti òní lọ, ìwọ àti ìyá rẹ, ẹ óò máa sọ ọ́. Èmi náà á máa sọ tèmi. Ẹnu mi mú, inú mi kì í dùn láàárọ̀, mi ò sì ní fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Mo gbà, nígbà náà."

Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́rẹ́ tẹ̀ba, ó di ẹsẹ̀ àga méjì mú, ó fi orí júwe méjì yòókù fún ọkùnrin náà.

"Títí dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni a máa gbé e dé. Ó wúwo, mo sì ń sọ fún ọ kí o tó gbé e."

Oníná tẹ̀ba, wọ́n jọ gbé e jáde.